Rọ́bà Omi

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà wọ ilé iṣẹ́ ẹja,
létí òkun àríwá Nọ́wè, níbi tí oòrùn ti ń gba ìsinmi oṣù méjì.
Olùdarí fíìmù náà láàánú.
Àánú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò jẹ́ kó ríran dáadáa.
Ó ní kí ìyá mi bọ́ ìbọ̀wọ́ pupa,
pé pupa yẹn dùn jù lójú,
kó fi ọwọ́ lásán mú ọ̀bẹ.
Ìyá mi wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tó fẹ́ tọwọ́ bọ iná.
Ó bọ́ ọ. Wọ́n kúkú ń sanwó.

Wọ́n ní kí Thevarasa jókòó sójú fèrèsé, kó má rẹ́rìn-ín.
Thevarasa! Ẹni tó ń sín ọ̀gá wa jẹ,
tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ láàárín àpótí panla
títí àwọn obìnrin á fi di ìhà mú.
Ó jókòó. Ó tẹjú mọ́ yìnyín,
ó ń ro ogójì kúrónà tó pàdánù nídìí káàdì lálẹ́ Sátidé.
Wọ́n pe ìyẹn ní àárò ilé.

Olùdarí wá kúnlẹ̀ síwájú mi, èmi ògbufọ̀ gbogbo ilé,
èmi tí mò ń ka lẹ́tà ọ́fíìsì,
èmi tí mò ń júwe ibi tó ń dun bàbá mi fún dókítà.
"Bi í pé kí ló máa ń lá lálàá."
Mo bi í.
Ìyá mi ò gbójú sókè.
"Sọ fún un kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rọ́bà omi mi."

Ojú tì mí, bí ẹni tí àlejò ká mọ́ ìdí abọ́ àìfọ̀.
Mo ní, "Ó ní òkun ilé wa lòun ń lá."
Olùdarí gbọ́wọ́ lé àyà.
Kò gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n fi bàálù gbé wa lọ wò ó ní Oslo.
Irọ́ mi nìyẹn, ní lẹ́tà funfun, lábẹ́ àgbọ̀n ìyá mi,
tí gòjé ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.
Obìnrin tó wà níwájú wa yọ áńkáṣífù.
Odidi gbọ̀ngàn ń sọkún òkun
tí èmi gan-an ò rántí.

Wọn ò ya lẹ́tà tó ń sọ pé "ẹ ṣì máa dúró", fún odidi ọdún mẹ́ta.
Wọn ò ya wákàtí mẹ́rìnlá tó pòórá nínú ìwé owó oṣù,
tàbí bí Rasamalar ṣe fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ilà mẹ́rìnlá
sára ilẹ̀kùn ọ̀gá, títí wọ́n fi san án.
Yìnyín ni wọ́n yà.
Yìnyín ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọn ò purọ́.
Ọwọ́ yẹn, láìsí ìbọ̀wọ́, ó kún ojú ògiri,
oríkèé ìka rẹ̀ wú bíi kókó igi.
Ilé kan náà là ń gbé. N kò rí i rí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.
Ìyá mi ti mọ èdè wọn kà báyìí,
ìwé ìtàn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.
Ó ka irọ́ mi sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn.
"Ta ló sọ báyìí?"
"Èmi ni, Màmá."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
Ó wá nu ojú. "Ó dùn ún gbọ́.
Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún ò ṣàn títí wọ́n fi lọ.
Ọwọ́ la fi kó gbogbo ìfun ẹja yẹn."